Orúkọ Jọ Orúkọ, Oró Kò Jọ Oró

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, ìtìjú díẹ̀ wà nínú rẹ̀ fún èmi tí mo ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá fi í pamọ́, ẹlòmíràn lè ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe, kí ó sì ná an ju bí ó ti ná mi lọ.

Bàbá àgbàlagbà kan wà ní àdúgbò wa tí ó ń sin ẹja àrọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Bàbá Ẹlẹ́ja ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ní ọdún tí ó kọjá, ó ra ọmọ ẹja 500, tí wọn kò ju ìka ọwọ́ ọmọdé lọ, ó sì ń wá ohun tí yóò kó wọn sí títí wọn yóò fi tó kó sínú adágún ńlá. Ó bá gba ọjà lọ, ó ra àgbá oníke aláwọ̀ búlúù kan, irú èyí tí àwọn oníṣòwò máa ń kó wá láti ilé-iṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ti lo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tán. Ẹ̀yin náà mọ irú àgbá bẹ́ẹ̀. Ilé mélòó ni a kò ti fi í tọ́jú omi? Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára ti ya. Ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti bá yíya lọ, ìparí rẹ̀ nìkan ni ó ṣẹ́ kù: alcohol.

"Tíṣà," ni Bàbá wí, "ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, ẹ bá mi ka èyí o. Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí ó mọ nǹkan. Mo ní, "Bàbá, ọtí ni. Álíkọ́hòlù ni ohun tí ó wà nínú ẹmu àti ògógóró tí ó fi ń pa ènìyàn. Ẹ fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, kò ní í ṣe wọ́n ní nǹkan kan."

Bàbá ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta. Ó là á sí méjì, ó pọn omi sí i, ó sì da àwọn ọmọ ẹja sí i ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, gbogbo wọn ti léfòó, ikùn funfun wọn kọjú sí òkè. Bàbá kò bú mi. Ó dúró ti àgbá náà pẹ̀lú ajọ̀ lọ́wọ́, ó sì bi mí pé, "Tíṣà, irú ọtí wo ni èyí?"

N kò lè dá a lóhùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tú ìwé, tí mo sì ń bi àwọn tí ó mọ̀ jù mí lọ léèrè. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí yà mí lẹ́nu. Ohun tí mo ṣe fún Bàbá, pé mo rí ohun tí n kò mọ̀, mo wá ohun tí mo mọ̀ tí ó jọ ọ́, mo sì fi ìwà èyí tí mo mọ̀ ṣe ìdájọ́ èyí tí n kò mọ̀, iṣẹ́ gidi ni. Àwọn ìjọba ńláńlá ń sanwó oṣù fún àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti máa ṣe é. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tí kẹ́míkà titun kan yóò fojú ẹja inú odò rí, mọ̀lẹ́bí kẹ́míkà náà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wádìí. Ó ṣe tán, àwa náà kì í fẹ́ ìyàwó láìwádìí ilé tí ó ti wá. Àṣìṣe tèmi kì í ṣe pé mo wá mọ̀lẹ́bí. Orúkọ ni mo fi wá a.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan lè ní, ṣé kò rọrùn kí wọ́n da kẹ́míkà náà sínú omi ẹja kí wọ́n sì wò ó ni? Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ fi ọwọ́ sí ni pé kí wọ́n po kẹ́míkà náà mọ́ omi ní ìwọ̀n márùn-ún, láti orí díẹ̀ dé orí púpọ̀, kí wọ́n kó ẹja méje-méje, ó kéré tán, sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kó méje mìíràn sínú omi lásán. Wákàtí 96 ni wọn yóò fi ṣọ́ wọn. Ìwọ̀n tí ó bá pa ìdajì àwọn ẹja náà ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá ti kéré tó ni oró náà ti le tó, nítorí pé díẹ̀ rẹ̀ ni ó ti ṣe iṣẹ́ ibi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: nọ́ńbà kékeré, oró ńlá. Lẹ́yìn ti ẹja, wọn yóò dán an wò lára kòkòrò omi kékeré kan tí ó ń jẹ́ Daphnia fún wákàtí 48, àti lára àwọn ohun aláwọ̀ ewé tíntìntín tí ń hù nínú omi fún wákàtí 72, nítorí pé àwọn wọ̀nyí ni oúnjẹ àwọn tí ń di oúnjẹ ẹja. Ẹja 42 ti bá ìdánwò kan ṣoṣo lọ, owó ti lọ, ọjọ́ sì ti lọ.

Kẹ́míkà kò sì mọ ní ẹyọ kan tàbí ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe òfin wọn lórí kẹ́míkà ilé-iṣẹ́ ní 1976, nǹkan bí 62,000 ni wọ́n kà tí ó ti wà lójà tẹ́lẹ̀, òfin náà sì jẹ́ kí wọ́n máa bá ọjà wọn lọ láìkọ́kọ́ dán wọn wò. Èyí tí ó bá jẹ́ titun, ẹni tí ó fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí ní 90 ọjọ́ ṣáájú. Ṣùgbọ́n òfin kò ní kí ó dán an wò lára ẹja kí ó tó kọ̀wé wá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ṣe ń dé láìsí èsì ìdánwò kankan nínú wọn. Ẹ fi ara yín sí ipò òṣìṣẹ́ ìjọba tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá lórí tábìlì. Ọjọ́ ń lọ. Ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ kò ju àwòrán bí a ti ṣe so átọ́ọ̀mù kẹ́míkà náà pọ̀ lọ. Nítorí náà ni àwọn òṣìṣẹ́ EPA, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó àyíká, fi kó àwọn kẹ́míkà tí a ti dán wò jọ ní ìdílé-ìdílé, tí wọ́n sì wá ìlànà ìṣirò fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó yá, wọ́n kó o sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì pè é ní ECOSAR. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi í fún ènìyàn.

Gbòǹgbò ìmọ̀ náà jìn ju 1976 lọ. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkùnrin méjì, Hans Horst Meyer ní ilẹ̀ Jámánì àti Ernest Overton tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Zürich, ń wá ìdí tí àwọn oògùn tí kò bá ara wọn tan rárá fi ń mú ènìyàn sùn lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ẹnìkínní gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní 1899, ẹnìkejì ní 1901, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì sì rí láìgbìmọ̀. Ọmọ àkèré tí kò tíì yọ ẹsẹ̀, tí ó ṣì ń fi ìrù wẹ̀, ni wọ́n fi ń dán oògùn wò. Wọ́n fi omi àti òróró ólífì pọ̀, wọ́n da oògùn sí i, wọ́n sì wo èyí tí oògùn náà yóò sá lọ bá nínú omi àti òróró. Èyí tí ó bá fẹ́ràn òróró, díẹ̀ rẹ̀ ti tó láti mú ọmọ àkèré sùn. Èyí tí ó bá fẹ́ràn omi, àfi kí ó pọ̀.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń se ọbẹ̀ kò ní í ṣe àríyànjiyàn sí èyí. Bí ọbẹ̀ bá lépo, ẹ̀yin náà rí i pé inú epo ni pupa ata ń lọ, kì í dúró sínú omi. Ara ẹja náà ní ọ̀rá. N kò sọ ti ọ̀rá tí ń ṣàn nígbà tí a bá yan án nìkan. Yàrá tíntìntín tí ó para pọ̀ di ara rẹ̀, ọ̀rá ni ògiri ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Omi sì ń gba ibi tí ó fi ń mí lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá tọ̀sán tòru. Kẹ́míkà tí ó fẹ́ràn ọ̀rá yóò fi omi sílẹ̀, yóò lọ kó ara rẹ̀ jọ sínú àwọn ògiri náà. Bí ó bá kún tó, ẹja á bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé, kò ní í lè wẹ̀ dáadáa mọ́, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé yóò dẹ́kun mímí. Oorun tí ó di ikú nìyẹn. Ní àwọn ọdún 1960, Corwin Hansch ní California fi òróró mìíràn tí ó ń jẹ́ octanol rọ́pò òróró ólífì, òun náà sì ni àwọn onímọ̀ ń lò dòní láti fi wọn ìfẹ́ tí kẹ́míkà ní sí ọ̀rá.

Wàyí o, ẹ wá wo ìdílé álíkọ́hòlù tí mo fi ṣìnà. Ní ìlú Duluth, létí adágún Superior ní ìpínlẹ̀ Minnesota, EPA ní ilé ìwádìí kan tí ó ti dán kẹ́míkà tí ó ju 600 lọ wò lára ẹja kékeré kan tí wọ́n ń pè ní fathead minnow. Mo kọ díẹ̀ nínú nọ́ńbà wọn sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ẹ fojú inú wo ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín, kí ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ kábọ́ọ̀nù, kí a sì so kókó kan sí ìdí okùn náà. Kókó yìí ni ó ń mú kí a máa pè é ní álíkọ́hòlù. Ìlẹ̀kẹ̀ kan péré, mẹ́tánọ́ọ̀lù ni: ó tó nǹkan bí 28,000 mìlígíráàmù nínú lítà omi kan kí ó tó pa ìdajì ẹja. Ìlẹ̀kẹ̀ méjì, èyí tí ó wà nínú ẹmu: nǹkan bí 14,000. Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin: nǹkan bí 1,700. Mẹ́fà: nǹkan bí 100. Mẹ́jọ, tí í ṣe octanol tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan: nǹkan bí 13.

Ẹ rí i bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni sọ̀ láti orí àtẹ̀gùn. Bí ìlẹ̀kẹ̀ ti ń pọ̀ ni ìfẹ́ ọ̀rá ń pọ̀, tí oró sì ń le. Mo wá bi àwọn ọmọ pé bí ẹnìkan bá gbé oní-ìlẹ̀kẹ̀-méje wá, tí a kò sì ní ẹja kan láti fi dán an wò ńkọ́? Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì nawọ́, ó ní láàrin 13 àti 100, ó ṣeé ṣe kí ó súnmọ́ 35. Mo sọ fún un pé òun ti ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbowó oṣù lé lórí. Òótọ́ sì ni, ìṣirò rẹ̀ dára.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọtí, ẹ gbọ́ èyí. Mẹ́tánọ́ọ̀lù tí ẹja fara dà jù lọ nínú ìdílé yìí, òun gan-an ni ó wọ inú ògógóró ní ìpínlẹ̀ Ondo àti Rivers ní 2015, tí ó fọ́ ènìyàn lójú tí ó sì pa ènìyàn. Nọ́ńbà ẹja kì í ṣe nọ́ńbà ènìyàn. Ohun tí a béèrè ni ìdánwò ń dáhùn, kì í dáhùn èyí tí a kò béèrè.

Ó ku oní-ìlẹ̀kẹ̀-mẹ́ta tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fò, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ mi wà. Oní-ìlẹ̀kẹ̀-mẹ́ta tí a ń pè ní propanol wà lórí àtẹ̀gùn náà bí ó ti yẹ: nǹkan bí 4,500. Ṣùgbọ́n ó ní arákùnrin kan tí ó ń jẹ́ allyl alcohol. Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta náà ni òun náà ní, kókó kan náà ni ó wà nídìí rẹ̀, alcohol kan náà ni ó parí orúkọ rẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé okùn méjì ni a fi so ìlẹ̀kẹ̀ méjì nínú rẹ̀ pọ̀ dípò ẹyọ kan. Bí a bá fi ìlànà àtẹ̀gùn wa ṣírò rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìlígíráàmù ni ó yẹ kí ó tó. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní Duluth, 0.32 ni. Kò tó mìlígíráàmù kan. Ó fi ìlọ́po tí ó ju 10,000 lọ le ju arákùnrin rẹ̀ lọ.

Kí ló fà á? Kì í ṣe ti ọ̀rá. Nígbà tí allyl alcohol bá wọ inú ara ẹja, ara ẹja fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ di ohun mìíràn tí wọ́n ń pè ní acrolein. Ẹ̀yin alákàrà ti pàdé acrolein rí, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: ó wà nínú èéfín tí ń ta ojú nígbà tí òróró bá jó nínú agbada. Ohun yìí kì í tòògbé pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ó ń gbá ẹran ara mú, kò sì ní í jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ tí a dá a fún. Àwọn tí ó ṣe ECOSAR mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yọ allyl alcohol àti àwọn tí ó jọ ọ́ kúrò nínú agbo álíkọ́hòlù jẹ́jẹ́, tí wọ́n sì fún wọn ní agbo tiwọn. Bí a bá ní kí a wá mọ̀lẹ́bí kẹ́míkà, ohun tí a ó kọ́kọ́ béèrè ni pé: kí ni ó ń ṣe nínú ara ẹja? Ṣé oorun ni ó ń mú un sùn ni, tàbí ó ń bu ú jẹ? Àwọn tí ìwà wọn bá jọ ni mọ̀lẹ́bí. Apá orúkọ tí ó ya kúrò lára àgbá Bàbá Ẹlẹ́ja, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Apá tí ó kù tí mo kà, kókó ìdí okùn nìkan ni ó ń sọ.

Bí ẹnìkan bá rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan nìyí, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá wa tí ó fín kòkó ní àwọn ọdún 1960. Gammalin 20 ni wọ́n fi ń lé kòkòrò tí ń mu omi ara kòkó. Mólékù tí ó wà nínú rẹ̀, kábọ́ọ̀nù mẹ́fà, háídrójìn mẹ́fà àti kílórínì mẹ́fà ni. Bí wọ́n bá sì ń ṣe é ní ilé-iṣẹ́, kì í ṣe òun nìkan ni ó ń jáde: bí ìbejì bí ẹ̀ta-òkò, àwọn arákùnrin rẹ̀ ń bá a jáde, iye átọ́ọ̀mù wọn kò fi ẹyọ kan yàtọ̀. Ibi tí kílórínì kọ̀ọ̀kan kọjú sí, yálà òkè tàbí ilẹ̀, nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n fi lẹ́tà àwọn Gíríìkì sọ wọ́n lórúkọ, alpha, beta, gamma àti àwọn yòókù. Gamma nìkan ni ó ń pa kòkòrò bí ó ti yẹ, orúkọ rẹ̀ ni ó sì wà nínú Gammalin. Nínú àdàlù tí ó ń ti ilé-iṣẹ́ jáde, gamma kò ju nǹkan bí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn kan dà á sínú odò láti fi pa ẹja, wọ́n sì gbé ẹja náà lọ sí ọjà. Ìwà ìkà ni, n kò ní orúkọ mìíràn fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé àwọn arákùnrin rẹ̀ tí kò pa kòkòrò jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́. Wọn kì í tètè jẹrà, beta a sì máa pẹ́ nínú ọ̀rá ara ju gamma lọ. Ní 2009, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àdéhùn Stockholm kọ wọ́n sínú ìwé àwọn tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀, alpha, beta àti gamma ni wọ́n kọ pọ̀.

Ọṣẹ oníyẹ̀fun náà kọ́ ayé ní irú ẹ̀kọ́ yìí. Ní àwọn ọdún 1950, fóòmù bẹ̀rẹ̀ sí í bo odò ní ilẹ̀ Jámánì, ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, nítorí pé okùn ìlẹ̀kẹ̀ tí ó wà nínú ọṣẹ ìgbà náà ní ẹ̀ka púpọ̀, àwọn kòkòrò tíntìntín inú omi kò sì rí i jẹ. Àwọn ará Jámánì ṣe òfin sí i ní 1961, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1964. Àwọn oníṣẹ́ ọṣẹ ní Amẹ́ríkà fi í sílẹ̀ ní 1965. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ jọ ọ́ púpọ̀, àfi pé okùn tirẹ̀ gún régé láìní ẹ̀ka, kòkòrò inú omi sì lè jẹ ẹ́ tán. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n kí ó tó jẹrà, nígbà tí ó ṣì jẹ́ titun nínú omi, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹja rárá. Bí okùn rẹ̀ bá sì ti gùn sí i ni oró rẹ̀ ń le sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń da omi ìfọṣọ sínú gọ́tà tí ó lọ sínú adágún ẹlòmíràn, ẹ gbọ́ o.

Nítorí irú nǹkan báwọ̀nyí, àwọn ará Yúróòpù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn wá sọ pé "kẹ́míkà mi jọ ti lágbájá." Òfin tí wọ́n ṣe ní 2006, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2007, gbà kí ilé-iṣẹ́ fi èsì ìdánwò kẹ́míkà kan ro ti èkejì, kí ẹja àti ẹran má baà máa kú lásán. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí ó fi rò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń yẹ̀ ẹ́ wò wà ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, wọ́n a sì máa dá èyí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ padà. Yàtọ̀ sí èyí, wọn kì í fi gbogbo ara gbára lé nọ́ńbà. Bí ó bá jẹ́ ìdánwò kúkúrú mẹ́ta nìkan ni wọ́n ní, ti ẹja, ti Daphnia, àti ti ohun aláwọ̀ ewé, wọ́n á mú èyí tí ó kéré jù lọ nínú wọn, wọ́n á sì pín in sí ọ̀nà 1,000 kí wọ́n tó sọ pé ìwọ̀n báyìí ni ó lè wà nínú odò láìsí ewu. Lójú tèmi, ìlọ́po 1,000 náà kò pọ̀ jù. Ẹ rántí arákùnrin ọlọ́kùn-méjì tí ó fi ìlọ́po tí ó ju 10,000 lọ le ju ẹni tí a rò pé ó jọ.

Kò sì tán síbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, nítòsí Seattle, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹja coho, ọ̀kan nínú ìdílé sámọ́nì, ń kú kí ó tó yé ẹyin nígbàkígbà tí òjò bá fọ títì wọ inú odò. Ní 2020 ni àwọn onímọ̀ mú ẹni tí ń pa wọ́n. Kẹ́míkà kan wà tí wọ́n ń fi sínú táyà ọkọ̀ kí rọ́bà má baà tètè là. Nígbà tí afẹ́fẹ́ ósóònù bá bà á, ó ń bí ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní 6PPD-quinone. Ọmọ yìí ni apànìyàn náà, tí mo bá lè pe ẹja ní ènìyàn. Ìwọ̀n tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá máíkírógíráàmù nínú lítà kan ti tó láti pa ìdajì coho. Ẹja chum ńkọ́, tí òun náà jẹ́ sámọ́nì, tí ó sì ń wẹ̀ nínú irú omi kan náà? Kò ṣe é ní nǹkan kan. Nítorí náà, bí a ti ń bi kẹ́míkà pé ta ni mọ̀lẹ́bí rẹ̀, ó yẹ kí a bi í pé kí ni ọmọ rẹ̀, kí a sì bi ẹja náà pé ta ni tirẹ̀.

Bàbá Ẹlẹ́ja ńkọ́? Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n san owó ọmọ ẹja náà. Ó kọ̀, mo sì tún bẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn ó gbà kí n san ìdajì, mo sì fi oṣù mẹ́ta san án. Àgbá búlúù náà, ó fi irin gbígbóná lu ìdí apá méjèèjì ní ihò kí ẹnikẹ́ni má baà fi í pọn omi mímu. Ìyá tí ó tà á fún un bínú nígbà tí a lọ bá a, ó ní òun náà rà á ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kì í bó ìwé ara àgbá mọ́. Mo rọ ẹ̀yin oníṣòwò àgbá àti kẹ́ẹ̀gì kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà: bí ìwé ara rẹ̀ kò bá pé, ẹ má ṣe tà á fún ẹni tí ó fẹ́ fi omi tàbí oúnjẹ sí i.

Ohunkóhun titun tí yóò bá kan omi Bàbá báyìí, ọmọ ẹja mẹ́fà ni ó kọ́kọ́ ń fi sí i, yóò fi ọjọ́ mẹ́rin ṣọ́ wọn, yóò sì fi mẹ́fà mìíràn sínú omi lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. N kò sọ fún un pé wákàtí 96 ni ọjọ́ mẹ́rin, àti pé ohun tí wọ́n ń ṣe ní Duluth nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ro ó.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ó tún gbé àgbá mìíràn wá. Ìwé ara rẹ̀ pé pérépéré, orúkọ náà sì gùn bí oríkì. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, Bàbá na ìka sí mi.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ má rẹ́rìn-ín lónìí o. Ẹ kọ́kọ́ kà á tán."

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.